Orúkọ Ààrẹ Ló Gbọ́dọ̀ Ṣáájú

Ní ìlú Tolvera wa, níbi tí oko álímọ́ǹdì ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sì tán títí ó fi kan ẹsẹ̀ òkè, a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó jẹ́ ti gbogbo ará ìlú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lè wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ olóko, ì báà jẹ́ ọmọ ẹni tó ń bá olóko ká èso, ì báà jẹ́ abiyamọ tó ti pa ìwé tì tipẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó kọjá sí yunifásítì, bí wọ́n bá rí ọ̀nà kọjá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì dáadáa ni. Èmi fúnra mi kọ́ni ní ìṣirò níbẹ̀ títí irun mi fi funfun, n kò sì rí àbùkù kankan lára rẹ̀ àyàfi ẹyọ kan ṣoṣo. Orúkọ àbùkù náà ni Dókítà Royce Penhallow, Ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìmọ̀ Ààrẹ ṣe jinlẹ̀ tó, ẹ fara balẹ̀. Ohun tó fi gba oyè dókítà ni ìwé gbọọrọ kan nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n máa to mọ́tò síwájú ilé ẹ̀kọ́. N kò bú u. Mọ́tò gbọ́dọ̀ ríbi dúró sí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí oyè náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ pè é ní Royce níta mọ́. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tó wà nínú ọgbà, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin, níbi tó ti máa ń wo ènìyàn tìfẹ́tìfẹ́.

Ní gbogbo ọjọ́ Ajé a máa ń pé jọ sí gbọ̀ngàn láti gbọ́ ohun tí Ààrẹ ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Igbákejì rẹ̀, Dwight Kessinger, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ nítorí orí mímì, ló máa ń ròyìn.

“Ní Ọjọ́rú,” Kessinger á wí, “Ààrẹ wa gba iwájú ilé ìkàwé kọjá. Ẹ wá wo nǹkan, ẹ̀yin èèyàn. Àwọn ọmọ tó wà nínú ibẹ̀ ń kàwé.”

A ó pàtẹ́wọ́. Ẹni tí àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò bá dún dáadáa, wọ́n á gbé kíláàsì rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpamàlúù, níbi tí èèyàn ti ní láti pa fèrèsé dé nínú ooru. Èmi náà jẹ ìyà náà rí. Láti ìgbà tí mo ti bọ̀ ni àtẹ́wọ́ mi ti ń dún ju ti gbogbo èèyàn lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni kì í pàtẹ́wọ́ rárá: Dókítà Renata Silveira, tó ń kọ́ni nípa ewéko àti ẹranko. Wọn kò rí i gbé lọ síbì kankan, nítorí ilé onígíláàsì tó ń gbin nǹkan sí kò ṣeé gbé. Òun ló dá a sílẹ̀ láàárín wa pé àwọn ọmọ wa kò ní láti dúró dìgbà tí wọ́n bá dé yunifásítì kí wọ́n tó ṣe ìwádìí. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á mú ọmọ bíi méjì mẹ́ta sọ́dọ̀, á di olùtọ́sọ́nà wọn, wọ́n á jọ béèrè ohun tẹ́nikẹ́ni kò tíì mọ̀, wọ́n á sì jọ wá ìdáhùn rẹ̀. Àwọn kan ń wádìí ìgbín inú odò. Àwọn kan ń wádìí ìdí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru kì í fi í rí oorun sùn. Abiyamọ kan ń wádìí inú rírun nígbà nǹkan oṣù láàárín àwọn obìnrin tó ń ká èso. Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sórí pósítà ńlá, wọ́n á gbé e lọ sí àpérò ní yunifásítì, àwọn onímọ̀ á sì máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ààrẹ kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ó tiẹ̀ rò pé ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni ilé onígíláàsì náà. Ìgbà tí ìwé ìròyìn àgbègbè wa yin àwọn ọmọ wọ̀nyí lójú ewé àkọ́kọ́, tí wọn kò sì dárúkọ rẹ̀, ni ìfẹ́ ìmọ̀ ṣàdédé gbá a mú. Kò pẹ́ rárá tó fi ra aṣọ funfun gígùn tí àwọn onímọ̀ máa ń wọ̀, wọ́n sì fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sí i láyà. Ó wọ̀ ọ́ lọ jẹun. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó dìde fúnra rẹ̀.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “mo ń béèrè lọ́wọ́ yín, ta ló ni ìwádìí ní Tolvera? Ẹ̀yin olùkọ́ ni olùtọ́sọ́nà àwọn ọmọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta wá ni olùtọ́sọ́nà yín?”

“Ẹ̀yin ni, sà,” Kessinger dáhùn.

“Èmi ni. Tó bá jẹ́ pé èmi ni bàbá yín, èmi ni bàbá àgbà gbogbo ìwádìí tó ń jáde nílé yìí. Ṣé ó wá yẹ kí orúkọ ọmọ-ọmọ ṣáájú ti bàbá àgbà?”

“Ká má rírú ẹ̀.”

“Nítorí náà, látòní lọ, gbogbo pósítà pátá, orúkọ mi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mi ò ṣe é torí ara mi. Ẹ mọ̀ mí, mi ò fẹ́ràn òkìkí. Torí àwọn ọmọ ni, kí ojú má baà tì wọ́n pé wọn ò lẹ́nì kan.”

Ariwo àtẹ́wọ́ sọ. Dókítà Silveira dìde láàárín ariwo náà.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rán yín létí nǹkan kan. Ní àpérò yẹn, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá ṣáájú ni wọ́n gbà pé ó ṣe iṣẹ́ náà. Òun ló máa dúró ti pósítà, òun ló sì máa dáhùn gbogbo ìbéèrè. Wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá a dáhùn. Òfin wọn nìyẹn.”

Ààrẹ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì nínú aṣọ funfun náà. “Renata, o ní kí n wá dúró, kí n máa sọ̀rọ̀, káwọn èèyàn sì máa gbọ́ mi. Ṣé ìyà lo fẹ́ fi jẹ mí ni àbí o fẹ́ kẹ́ mi?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́rìí sí i pé wọ́n kìlọ̀ fún un.

Ẹni tí òfin yìí ká lára jù ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yesenia Brambila. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di tòmátò sínú agolo, bó bá sì ti kúrò níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Silveira ló ń wá. Lọ́dọọdún, Dókítà Ilse Haverkamp, ìyá àgbà kan tó ń darí ibi tí wọ́n ti ń wádìí ilẹ̀ ní yunifásítì, máa ń mú ẹnì kan ṣoṣo níbi àpérò náà nínú àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi tiwa. Ẹni tó bá mú á bá a ṣiṣẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yunifásítì á sì gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí Yesenia ń lépa láti ọjọ́ tó ti dé nìyẹn. Kò sí ọ̀nà mìíràn fún un láti kúrò nídìí agolo. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nìkan ni ìyá àgbà náà máa ń yẹ̀ wò.

“Mà, èmi ló kẹ́yìn pátápátá,” ó sọ fún Silveira, ó di pósítà náà mú lọ́wọ́. “Ààrẹ, Kessinger, ẹni tó ni èèpo álímọ́ǹdì tá à ń wádìí, Lorna akọ̀wé Ààrẹ, ẹ̀yin, kó tó wá kàn mí. Lorna ò mọ ohun tá à ń ṣe o. Ó bi mí lánàá bóyá ẹja ni.”

“Mo rí i, ọmọ mi.”

“Ṣé kí n kúkú jáwọ́ ni?”

“Tó o bá jáwọ́, Kessinger ni wọ́n máa fi dípò ẹ.”

“Ṣebí Kessinger ti wà níbẹ̀.”

“Á wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Yesenia rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún lórí ẹ̀rín náà. N kò ní fi àwàdà bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, ó ṣì ń bí mi di bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, pé àgbàlagbà tó ti jẹun yó á na ọwọ́ sínú àwo ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ọmọ náà ń wádìí. Bí wọ́n bá bó álímọ́ǹdì ní ìlú wa, èèpo rẹ̀ máa ń ga tó òkè. Clete Hargrove, tó ni ilé iṣẹ́ ìbó-álímọ́ǹdì, ń wá bí yóò ṣe tà á fún àwọn olóko láti dà sínú ilẹ̀. Ohun tí Yesenia béèrè kò ju pé: ṣé tòmátò tí a gbìn sínú ilẹ̀ tí a po èèpo tútù mọ́ máa ń dára ju èyí tí a kò fún ní nǹkan lọ? Ó gbin orí pẹpẹ méjì nínú ilé onígíláàsì, irúgbìn kan náà, ilẹ̀ kan náà, omi kan náà. Ọ̀kan ní èèpo, ọ̀kan kò ní. Hargrove ti ṣèlérí fún Ààrẹ pé bí èèpo bá ṣiṣẹ́, òun á kọ́ ilé ìwádìí tuntun fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ààrẹ ti ya àwòrán orúkọ ara rẹ̀ tí yóò wà lára ilé náà. Ilé ọ̀hún fúnra rẹ̀ ni kò tíì yà.

Lọ́jọ́ kan, Ààrẹ mú Hargrove wá wo ewéko. Ó wọlé, ó rí pẹpẹ kan tí tòmátò orí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó sì rí èkejì tí ewé tirẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé tó ń kú lọ. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Clete, wá fojú ara ẹ rí i.” Ó na ọwọ́ sí èyí tó tutù. “Èèpo ẹ nìyẹn. Wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹ. Wá wo àwọn òtòṣì ọ̀hún yẹn tí wọn ò rí nǹkan jẹ. Ṣé ó yẹ kéèyàn tún máa béèrè?”

Silveira wú ikọ́. Yesenia wo olùkọ́ rẹ̀, ó wo Ààrẹ, òtítọ́ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó dáadáa.

“Sà, èyí tẹ́ ẹ ń nawọ́ sí yẹn la ò fún ní nǹkan. Àwọn òtòṣì yẹn ló jẹ èèpo.”

Ojú Hargrove yí padà. Ẹlòmíràn tí irú èyí bá bá, ìtìjú ni yóò gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n Ààrẹ wa kò mọ ọ̀nà ilé ìtìjú.

“Ẹ ò fún wọn ní nǹkan?” ó ní, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di ti oníwàásù. “Ẹ tún wá ń fẹnu sọ ọ́? Renata, ẹ fi ebi pa odidi pẹpẹ kan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì mi?”

“Sà, a gbọ́dọ̀ ní àwọn tá ò fún ká tó lè fi wé àwọn tá a fún. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò lè mọ nǹkan kan.”

“Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo aláṣejù layé yìí ló ní ìdí tó fi ń fún ẹnì kan tí kì í fún ẹnì kejì. Ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ará ìlú ni ibí. A kì í ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn ilẹ̀kùn, a ò sì ní fi ewéko bẹ̀rẹ̀. Mo fagi lé e. Kò gbọ́dọ̀ sí èyí tá ò fún mọ́, nínú ìwádìí èyíkéyìí. Dwight, bù fún wọn.”

Kessinger bu èèpo sórí pẹpẹ tó tutù náà tọwọ́tọwọ́, ó ń mi orí. Kò pẹ́ tí ewé àwọn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ààrẹ ní ayọ̀ ló ń mú wọn yí àwọ̀ padà. Ọ́fíìsì rẹ̀ ló wá tún pósítà náà kọ fúnra rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé gbogbo ewéko tí a fún ní èèpo ló hù, láìku ẹyọ kan. Irọ́ kọ́ ni o. Wọ́n hù.

Silveira kò bá a jà. Ó bu ilẹ̀, ó fún Yesenia ní irúgbìn, ó ní kó lọ tún gbogbo rẹ̀ gbìn láti ìbẹ̀rẹ̀ sínú garawa lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, ìdajì pẹ̀lú èèpo, ìdajì láìsí. Ìyá rẹ̀, Ofelia, gbà wọ́n bí ẹni gba àlejò. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àánú tètè máa ń ṣe obìnrin náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan Yesenia jáde síta, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ìjókòó, ó ń kọrin fún àwọn garawa tí èèpo wà nínú wọn.

“Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Wò bí ewé wọn ṣe pọ́n. Àárẹ̀ mú wọn ni. Mo ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.”

“Ẹ ò lè máa kọrin fún apá kan. Tẹ́ ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ fún gbogbo wọn, tàbí kẹ́ ẹ má kọ ọ́ rárá.”

“Àwọn tọ̀hún ò nílò ẹ̀. Ara wọn dá.”

“Mọ́mì.”

Ofelia gbé ìjókòó rẹ̀ sí àárín, ó sì tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti orí. Láti ìgbà náà, ó ń pín orin dọ́gba. Ó yé obìnrin tó ń di tòmátò sínú agolo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ẹ máa bá mi ka àwọn tí kò yé.

Ọjọ́ àpérò pé. Ààrẹ kó gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì sínú bọ́ọ̀sì, alága wọn, Manuel Borba, bàbá olóko màlúù kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, jókòó síwájú. Ó mú Hargrove náà dání, kí wọ́n lè wá wo ògo òun. Gbọ̀ngàn náà fẹ̀ tó pápá ìṣeré. Wọ́n ti fọ́n àwọn pósítà wa káàkiri àárín ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, ọ̀kan ní ìhín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, orúkọ Penhallow sì wà lórí gbogbo wọn.

Obìnrin tó ń ṣètò gbé ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè. “Kí ẹni tí orúkọ ẹ̀ ṣáájú dúró ti pósítà ẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bọ́ sẹ́yìn okùn.”

Gbogbo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa bọ́ sẹ́yìn okùn. Ààrẹ nìkan ló kù lórí pápá, pẹ̀lú gbogbo pósítà.

Ó kọ́kọ́ dúró ti ìgbín. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀ nídìí àìróorun-sùn. Ó sáré lọ. Wọ́n tún pè é nídìí ìgbín. Ó sáré bọ̀. Aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òógùn ń já bọ́ lójú rẹ̀, Kessinger ń bá a gbé omi kiri ní ẹ̀yìn okùn.

“Kí ló dé tó jẹ́ irú ìgbín yìí lẹ yàn?” ọ̀dọ́ onímọ̀ kan bi í.

“Nítorí pé wọ́n múra síṣẹ́.”

“Báwo lẹ ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo?”

“Akọ ló máa ń ṣáájú.”

“Sà, irú èyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ akọ, ó tún jẹ́ abo.”

Ààrẹ nu ojú rẹ̀. “Ní Tolvera, a kì í ṣe ojúsàájú.”

Wọ́n tún pe orúkọ rẹ̀. Ó dé ìdí pósítà kan níbi tí obìnrin méjì ti ń retí rẹ̀, kò sì ráyè gbé ojú sókè wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

“Iṣẹ́ yìí wú wa lórí gan-an,” ọ̀kan nínú wọn ní. “Kí ló fà yín sí i?”

“Ìrírí ara mi,” ni Ààrẹ wí, ó ń mí gúlegúle. “Ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti kékeré.”

Ẹ rántí abiyamọ tó ń wádìí inú rírun nígbà nǹkan oṣù. Ó wà lẹ́yìn okùn, ó fi apá aṣọ rẹ̀ di ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀. Manuel Borba ka àkọlé pósítà náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì lọ wá àga jókòó.

Nígbà tí Ààrẹ fi máa dé ìdí pósítà èèpo, Dókítà Haverkamp ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ àti Hargrove sún mọ́ wọn, nítorí èyí gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Yesenia wà lẹ́yìn okùn, kò jìnnà sí wọn, kò sì láṣẹ láti sọ nǹkan kan.

“Ẹ kú iṣẹ́,” Haverkamp ní. “Mo rí i pé gbogbo èyí tẹ́ ẹ fún ní èèpo ló hù.”

“Gbogbo ẹ̀ pátá, Mà.”

“Àwọn tẹ́ ò fún ńkọ́?”

Ààrẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbéèrè tó ti ń dúró dè láti àárọ̀ nìyí, èyí tó mọ̀. “Kò sí wọn. Mo fagi lé wọn.”

“Ẹ ṣe kí ni?”

“Mo bá ìrẹ́jẹ nínú ilé onígíláàsì wa, Mà. Wọ́n ń fún àwọn kan, wọn ò fún àwọn kan. Mo ní kò ní ṣojú mi. Látọjọ́ yẹn, kò sí ewéko kan tí ebi ń pa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mi.”

Kessinger nìkan ló pàtẹ́wọ́, nígbà tó sì rí i pé òun nìkan ni, ó sọ ọ́ di pé òun ń lé eṣinṣin.

Ìyá àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé èèpo ló mú wọn hù?”

“Torí pé wọ́n hù.”

“Tòmátò máa ń hù, sà. Bàbá mi ò fún tiẹ̀ ní nǹkan kan rí, ó ń hù.”

“Bóyá ó ń fún un níkọ̀kọ̀ tí ò sọ fún yín.”

Ẹ̀rín bẹ́ láti apá kan gbọ̀ngàn dé apá kejì. Hargrove kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

“Royce,” ó ní, “ohun tí mo fẹ́ lọ máa tà fún gbogbo olóko tó mọ̀ mí nìyí, tẹ́nikẹ́ni ò sì mọ ohun tó máa ṣe fún wọn? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá dáná sun mí nílé ni?”

Ààrẹ wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Àwọn tó máa ń pàtẹ́wọ́ fún un wà ní Tolvera. Àfàgò kẹ́yin àparò, ohun ojú ń wá lojú ń rí. Ó wá ẹni tí yóò dì í rù, ó sì rí Yesenia.

“Ẹ má bi mí,” ó ní, ó nawọ́ sí i. “Ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ bi. Èmi kọ́ ló ṣe é. Òun ló ronú ẹ̀, òun ló gbìn ín, òun ló bomi rin ín. Gbogbo ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, tiẹ̀ ni. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.”

“Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan,” Haverkamp tún un sọ.

“Rárá o.”

“Òun nìkan ló ṣe é láti òkè délẹ̀?”

“Láti òkè délẹ̀. Mo lè búra.”

“Kò tó ìbúra. Òfin wa ni pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni orúkọ ẹ̀ ń ṣáájú.” Ó yọ gègé ìkọ̀wé, ó fi fa ìlà gba orí Penhallow kọjá, ó sì nà án sí i. “Ẹ buwọ́ lù ú níbí.”

Ó buwọ́ lù ú, ó yá a lára ju ohunkóhun tó ti ṣe lọ́jọ́ náà lọ. Kessinger yọjú, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ tòun náà. Hargrove ní kí wọ́n yọ tòun kíákíá. Lorna kò sí níbẹ̀, Silveira ló bá a fagi lé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, orúkọ méjì péré ló kù: ti Silveira àti ti Yesenia. Silveira mú gègé náà, ó fa ìlà ọlọ́fà láti ara orúkọ ọmọ náà lọ sókè, ó fi í ṣáájú.

“Bọ́ síwájú okùn,” Haverkamp sọ fún Yesenia. “Ìwọ náà, ìbéèrè kan náà ni. Àwọn tẹ́ ò fún ńkọ́?”

Yesenia sọdá okùn náà. “Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé wa, Mà. Méjèèjì wà níbẹ̀. Àwọn tá ò fún ló dáa jù. Ewé àwọn tá a fún pọ́n, wọ́n sì kéré. Èèpo tútù ń bá wọn du oúnjẹ inú ilẹ̀.”

“Nítorí náà èèpo ò dáa?”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Tútù ni ò dáa. Tó bá jẹrà tán, mi ò mọ̀. Mi ò tíì rí àyè wò ó.”

“Ó ní òun ò mọ̀,” ìyá àgbà náà sọ fún àwọn tó yí i ká, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹnì kan tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wa mọ́tò wá sí Tolvera, ó wo àwọn garawa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kì ọwọ́ bọ ilẹ̀ wọn, ó jẹ ẹ̀wà àti tọ́tíyà, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, nínú ilé ìdáná Ofelia. Ofelia bá a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orin náà láìfi nǹkan kan pa mọ́, ó ní kí ó má dá ọmọ òun lẹ́bi. Haverkamp ní òun ti gba ọ̀pọ̀ dókítà tí kò gbọ́n tó o sí iṣẹ́. Kó tó lọ, ó ti ní kí Yesenia máa bọ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àti ọmọ sunkún lọ́jọ́ náà, Silveira náà sunkún, mo sì gbọ́ pé Hargrove ti kó ìdajì òkìtì èèpo rẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó lè jẹrà dè é.

Ó wá ku ti Ààrẹ. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Ó sọ̀rọ̀ fún wọn títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù, ó ka gbogbo ohun tó ti ṣe láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ní òun bá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kékeré, òun ló mú un dàgbà. Manuel Borba jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Dókítà,” bàbá náà ní, “ó dàgbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ wo la ti ń fún un ní Ààrẹ? A ò dán an wò láìfún un rí. Báwo la ṣe wá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mú un dàgbà?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára ju ẹ̀rín lọ. Wọ́n dìbò. Wọ́n ní kí Ààrẹ máa lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì jókòó sórí àga náà fún ọdún kan gbáko, kí wọ́n lè fi ọdún náà wé àwọn tó ti kọjá.

Mo wà níbẹ̀ ní ọdún náà. Àwọn ọmọ kàwé. Àwọn olùkọ́ kọ́ni. Wọ́n ń tan iná, wọ́n ń pa á, àwọn òdòdó iwájú ọgbà tanná ní àsìkò wọn. Ní àwọn ọjọ́ Ajé, a ń lo wákàtí tí a fi ń pàtẹ́wọ́ láti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, Kessinger náà sì padà sí kíláàsì, níbi tó ti wá hàn pé ó mọ ìtàn kọ́ni díẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, Borba ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó fún ìdánwò gidi, wọ́n sì dìbò pé kí àga náà ṣófo lọ́dún kan sí i.

Láàárín ìgbà náà ni tẹlifóònù dún lórí tábìlì Lorna. Penhallow ni. Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀ létí òkun.

“Lorna,” ó ní, “má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Mo lè gbà á. Báwo ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe rí látìgbà tí mo ti kúrò?”

Olóòótọ́ èèyàn ni Lorna. “Bó ṣe wà náà ló wà, sà. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.”

Ohùn Penhallow wúwo fún ìmoore.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀, kò lè bà jẹ́ láéláé.”

Lorna dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó sì lọ jẹun.